Òfin kan lórí ẹ̀tọ́ obìnrin fún gbogbo Nàìjíríà, àbí kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe tirẹ̀?

Ọdún 1985 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí CEDAW, àdéhùn àgbáyé, pé a ò ní máa rẹ́ obìnrin jẹ mọ́. Ṣùgbọ́n abala 12 ìwé òfin 1999 ní àdéhùn kò lágbára àfi tí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ bá sọ ọ́ dòfin.

Òfin kan ṣoṣo ì bá kárí gbogbo wa. Àmọ́ ní 2016, Ilé Aṣòfin Àgbà da àbá irú òfin bẹ́ẹ̀ nù.

Ọ̀nà kejì ni díẹ̀díẹ̀, ìpínlẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Òfin VAPP ti 2015, èyí tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti lé aya ẹni jáde nílé tipátipá, tàbí láti fìyà jẹ opó. Abuja nìkan ló sì dé. Obìnrin tó ń gbé Nyanya, lábẹ́ Abuja, rí i dì mú. Èyí tó wà ní Mararaba, ìtòsí ibẹ̀ lásán, ti bọ́ sí Nasarawa, ó di dandan kó dúró dìgbà tí ìpínlẹ̀ náà ṣe tirẹ̀. Kaduna ṣe tirẹ̀ ní 2018.

Díẹ̀díẹ̀ yìí ni mo fara mọ́ ní báyìí, torí ẹni tí wọ́n da ẹrù rẹ̀ síta lóru kò lè máa retí Ilé Aṣòfin. Àmọ́ VAPP kò kan ipò ìṣèlú, kò kan ìgbanisíṣẹ́. Òfin àpapọ̀ la ṣì gbọ́dọ̀ máa béèrè fún ìyẹn.