Kí ẹ tó sanwó ìwé orin ẹran ọ̀sìn fún ọmọ yín

Bí ẹ bá fẹ́ ra ìwé alàwòrán tí wọ́n fi orin ẹran ọ̀sìn ṣe, ẹ má kọ́kọ́ wo bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe ń dán. Ẹ ṣí i dé àárín. Ṣé àwọn ẹran tí a ti kọ lórin sẹ́yìn ṣì wà lójú ewé náà? Bí wọn ò bá sí níbẹ̀, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Irú orin tí mò ń wí ni èyí tó ń gùn sí i bí a ṣe ń kọ ọ́. A ra ológbò, a bọ́ ọ lábẹ́ igi, ológbò ké. A ra adìyẹ, adìyẹ ké, a padà sórí ológbò. Pẹ́pẹ́yẹ dé, ó di pẹ́pẹ́yẹ, adìyẹ, ológbò. Tó bá fi máa kan màlúù àti ẹṣin, èémí á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára ẹni tó ń kọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ orin ológbò yìí ní Amẹ́ríkà. Aaron Copland, ọmọ Amẹ́ríkà tó máa ń ṣẹ̀dá orin, fi í sínú àwọn orin ìbílẹ̀ tó ṣètò ní 1950.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọmọbìnrin mi, ìwé méjì ni mo sì rà fún un. Tuntun ni ti àkọ́kọ́, ₦9,500 ni wọ́n tà á fún mi nítòsí Máríńà. Bọ́tìnnì tó ń ké bí ẹran wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹran tuntun nìkan ló wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ṣáájú ti pòórá, wọn ò sì tún ọ̀rọ̀ orin wọn tẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà kò rí nǹkan kan dì mú. Kò pẹ́ tó fi pa orin tì, tó ń tẹ bọ́tìnnì. Mi ò fẹ́ràn bọ́tìnnì yẹn rárá: ẹ̀rọ ń ké, ọmọ dákẹ́. Nígbà tí bátìrì kú, kò wo ìwé náà mọ́.

Tòkunbọ̀ ni èkejì, ìwé páálí tí mo ná ní Yábà títí ó fi bọ́ sí ₦1,500. Ẹnì kan ti fi báírò kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ síwájú rẹ̀. Kò dán tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ mọṣẹ́. Bí ẹran tuntun bá dé, iwájú ló máa dúró sí, àwọn yòókù á tò sẹ́yìn rẹ̀, ìkankan ò ní kúrò. Ọmọ á fi ìka tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, orin á sì jáde bó ṣe yẹ. Òun ló ń lé orin nílé wa báyìí, àwa ń gbè é bí ẹni ń gbe orin àlọ́. Màmá mi ò ka ìwé Òyìnbó, síbẹ̀ wọ́n bá a kọ ọ́ láti alẹ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n fo ẹlẹ́dẹ̀, ọmọ fò dìde: "Màmá Àgbà, ẹ ò tíì pe ẹlẹ́dẹ̀ o!"

"Háà, má bínú, ìyá mi," ni wọ́n wí, wọ́n sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí màlúù.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Àgùntàn inú rẹ̀ nírun bí òwú, torí ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ti yà á. Irun tiwa fẹ́lẹ́. Ọmọ ò gbà pé àgùntàn ni. Èyí tó dùn mí jù ni pé kò sí ewúrẹ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ewúrẹ́ ni ọmọ Múṣin kọ́kọ́ ń mọ̀ lójú títì. A fi tiwa kún un, ẹ̀yìn àgùntàn la fi í sí. Orin Old MacDonald, àgbẹ̀ tó ní oko ẹran, tí wọ́n ń kọ ní nọ́sìrì pàápàá ti yí padà rí: nínú ìwé orin àwọn ọmọ ogun kan tí wọ́n tẹ̀ ní 1917, Macdougal ni wọ́n pe àgbẹ̀ náà, Ohio ni wọ́n sì ní oko rẹ̀ wà. Bàbá Ẹ̀pẹ́ ló ń jẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ẹran mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó. Páálí ni kí ẹ rà, torí wọ́n máa ń jẹ igun ìwé. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ka àwọn ẹran tó wà lójú ewé ìkẹyìn, kí ẹ wá ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ rí i pé ojú ewé tí kálukú wọn ti kọ́kọ́ dé ṣì wà níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti ya kúrò, ẹran kan á ṣàdédé yọ láàárín orin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rà á, ọmọ ò sì ní gbà.