Òjò Dídì Kò Rọ̀ ní Òjóò: Àyẹ̀wò Ìwé Ẹ̀kọ́ Ìṣẹ̀dá fún Àwọn Ọmọ Tí À Ń Kọ́ Nílé

Ọmọ mẹ́ta ni èmi àti ọkọ mi ń kọ́ nínú ilé wa ní Òjóò, ní Ìbàdàn. Àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún 11, àbíkẹ́yìn sì jẹ́ ọmọ ọdún 6. (Bí mo bá sọ pé “ẹ̀kọ́ ilé” ni mò ń fún wọn, àwọn ará àdúgbò a rò pé ìkúnlẹ̀ kí àgbà ni mò ń wí.) Ní ọdún tó kọjá, a ra àkójọ ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún àwọn òbí Kristẹni tí ó fẹ́ fi ohun tí Ọlọ́run dá kọ́ ọmọ ní ìgbàgbọ́. Ìwé òbí kan, ìwé ọmọ kan àti káàdì alàwòrán 40 ni ó wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 36 sì ni. Gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́ ná wa ní ₦85,000. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó tẹ̀ ẹ́, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kan ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí a ń kó wọlé láti òkè òkun.

Ọ̀nà tí ìwé náà fi ń kọ́ni ni mo kọ́kọ́ fẹ́ yìn. Ó gbé e ka orí ọ̀nà Charlotte Mason, olùkọ́ ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé ayé láti 1842 sí 1923, ẹni tí ó ní kí ọmọ máa jáde síta, kí ó fi ojú ara rẹ̀ wo ohun tí Ọlọ́run dá dáadáa, kí ó sì yà á sínú ìwé tirẹ̀. Kí a tó ra ìwé yìí, ẹsẹ Bíbélì ni mo máa ń kọ́kọ́ kà, kí n tó wá àpẹẹrẹ kiri àgbàlá bí ẹni tí ń wá ẹ̀rí fún ẹjọ́ tí wọ́n ti dá tán. Ìwé náà yí i padà fún mi: wíwò ni àkọ́kọ́, Bíbélì ni ó tẹ̀lé e, àlàyé òbí ni ó kẹ́yìn, kò sì gbọdọ̀ gùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ mi kejì dojú bolẹ̀ lẹ́bàá kànga wa, ó ń wo bí àwọn èèrà mẹ́jọ ti ń wọ́ ìyẹ́ aáyán kan lọ, tí wọ́n ń fà á síwá-sẹ́yìn títí tí ó fi gba ojú ihò wọn wọlé. Ìgbà tí mo ka Òwe orí kẹfà fún un, òun ni ó ń ṣàlàyé fún mi.

Ibẹ̀ náà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé náà, èèrà ń kó oúnjẹ jọ kí òjò dídì tó bo ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án gbáko ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ ìgbà òtútù: ipasẹ̀ ẹranko lórí òjò dídì, igi tí òtútù mú kí ó wọ́wé, adágún omi tí ó di yìnyín. Àbíkẹ́yìn mi já òwú, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, ó ní òjò dídì ni. Ó dára lójú o, ṣùgbọ́n àwòrán ni ó dà kọ, kò rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ rírí gan-an ni ìpìlẹ̀ ọ̀nà tí ìwé náà ní òun ń tọ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, iṣẹ́ tí Samuel Ajayi Crowther kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀ tí ó sì parí ní 1884, ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí fún wa tipẹ́: níbi tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti dárúkọ ìgbà ooru tiwọn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Bíbélì wa sọ pé èèrùn ń pèsè oúnjẹ rẹ̀. Mo bá tú ìwé náà palẹ̀, mo to iṣẹ́ rẹ̀ sí ìgbà òjò, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ìgbà ọyẹ́. Alẹ́ ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ni a kọ́ nípa èsúnsún, lábẹ́ gílóòbù ẹnu ọ̀nà, ìyẹ́ wọn sì kún ilẹ̀ di òwúrọ̀.

Èyí tí ó wúni lórí jù ni ti hóró músítádì, hóró kékeré tí Jésù ní ó ń di igi ńlá. Káàdì kan wà fún un, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó ti rí igi músítádì rí nínú àwa márùn-ún. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ni ìrókò kan wà tí ó ń so. Èso rẹ̀ jọ kòkòrò aláwọ̀ ewé tí ó sanra. A fi ọwọ́ fọ́ ọ, a fọ̀ ọ́ nínú abọ́, hóró tí ó ṣẹ́kù kéré ju ọkà bàbà lọ. Àdán tí ó ń jẹ èso náà lóru ni ó ń gbé hóró yìí kiri, igi tí ó sì ń hù jáde lára rẹ̀ lè ga tó mítà 50. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, dúró lókèèrè.

“Ìyàwó, ṣé o mọ ohun tí ò ń kó àwọn ọmọ lọ sí ìdí rẹ̀ yìí?”

“Mo mọ̀ ọ́n, mà. Hóró rẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n rí.”

Wọ́n ní àwọn kì í na ìka sí ìrókò ní kékeré. Síbẹ̀, ìgbà tí àkọ́bí mi gbé abọ́ náà dé iwájú wọn, wọ́n fi ojú ìka gbé hóró kan, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Ṣé eléyìí náà ni?” Kò sí ojú ewé kankan nínú ìwé ₦85,000 tí ó bá irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ní ti ẹyẹ, káàdì méjìlá ni, a kò sì rí ẹyọ kan nínú wọn ní àdúgbò wa. A lọ sí IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Ìbàdàn níbí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, tí ó ní igbó tí ó tó hẹ́kítà 350 nínú ọgbà rẹ̀. Ẹyẹ kan wà tí ó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa, Malimbus ibadanensis, tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1958. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni ó ń gbé láyé, ó sì wà nínú ewu àkúrun. A kò rí i lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀, ẹ̀gà, kún orí ọ̀pẹ tí ó wà lójú pópó tiwa. Akọ rẹ̀ á ya imọ̀ ọ̀pẹ sí tẹ́ẹ́rẹ́, á kọ́kọ́ hun òrùka kan, á dúró sínú rẹ̀ hun ìyókù. Bí abo kò bá gbà á, á tú u palẹ̀, á tún òmíràn bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi kejì bi mí léèrè pé, “Mọ́mì, ṣebí ẹ ní àwọn ẹyẹ kì í ṣiṣẹ́?” Mo ní pé Jésù ní wọn kì í fúnrúgbìn, wọn kì í kórè, kò ní wọn kì í ṣiṣẹ́. N kò tíì ka ẹsẹ yẹn bẹ́ẹ̀ rí.

Àbùkù tí n kò lè fojú fò nínú ìwé náà ni pé ohun tí ó lẹ́wà nìkan ni ó ń fi han ọmọ. Àṣá gbé ọmọ adìyẹ wa kan lójú àbíkẹ́yìn, ó sunkún, ó ní ta ni ó dá àṣá. Mo ṣí ìwé òbí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ìdáhùn. Bíbélì ni ó dá wa lóhùn: Róòmù orí kẹjọ sọ pé gbogbo ẹ̀dá ni ó ń kérora, ìparí Jóòbù orí 39 sì sọ̀rọ̀ idì tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń mu ẹ̀jẹ̀, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó sì ń sọ ọ́. Ohun tí Ìwé Mímọ́ kò fi pa mọ́, kí ni ìdí tí ìwé ọmọdé yóò fi bò ó mọ́lẹ̀?

Ìwé náà nípọn, ọ̀rinrin ìgbà òjò kò sì bà á jẹ́. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó tú ní oṣù kẹrin. Wọn kò gbà kí ènìyàn ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé ọmọ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé olọ́mọ mẹ́ta yóò ra mẹ́ta.

Bí ẹ kò bá tíì kọ́ ọmọ nílé rí, ìwé òbí nìkan tó yín í rà. Ojú ewé 30 àkọ́kọ́ tó owó rẹ̀. Ẹ fi ìwé ọmọ àti káàdì sílẹ̀. Fún ọdún yìí, ìwé aláìnílà mẹ́ta àti pẹ́ńsù ni mo rà ní Dùgbẹ̀, ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ti àbíkẹ́yìn sì ni àwòrán àṣá.