Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ráútà "unlimited" n'Ífẹ̀, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ máa ń dáwó jọ ra ráútà (ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì), ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra. Àwọn kan ń polówó ráútà olówó gegere ní Lagere, wọ́n ní unlimited ni, pé ẹ máa lò ó tẹ́rùn títí oṣù á fi parí. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé tẹ́ ẹ bá ti lò ó dé ìwọ̀n kan, wọ́n á dín eré ẹ̀ kù látọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ni nẹ́tíwọ̀kì náà. Dátà ò ní tán o, àmọ́ kò ní ṣe é lò mọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló rà á. Oṣù ò tíì dé ìdajì tí fídíò lẹ́kíṣọ̀ fi ń yí bírí lójú kan. Mo gba páálí ráútà yẹn, mo dojú ẹ̀ dé. Lábẹ́ níbẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní tó jẹ́ pé iná fóònù ni mo fi rí i kà, ni wọ́n kọ "Fair Usage Policy" sí, ìyẹn òfin tí wọ́n fi ń dín eré kù: 512 kbps (kbps ni wọ́n fi ń wọn eré íńtánẹ́ẹ̀tì) ni eré ẹ̀ máa já sí. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: fáìlì 1 GB á gbà ju wákàtí mẹ́rin lọ, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń lò ó nìyẹn! Ẹni tó tà á fún wọn ní nẹ́tíwọ̀kì àdúgbò wọn ni ò dáa. Irọ́ gbuu.

Tó bá jẹ́ èrò ló pọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì, ó máa ń yá díẹ̀ lóru. Èyí tí wọ́n bá dín kù kì í yá: ẹ wọn eré ẹ̀ lórí ìkànnì fast.com lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ tún wò ó láago méjì òru, ojú kan náà lẹ máa bá a.

Wọ́n ṣe irú ẹ̀ l'Ámẹ́ríkà náà. Àwọn oníbàárà ilé iṣẹ́ fóònù AT&T kan wà tó jẹ́ pé 2 GB péré ni wọ́n lò lóṣù kí wọ́n tó dín tiwọn kù. FTC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà níbẹ̀, pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ ní 2014, nígbà tó di 2019, wọ́n gbà láti san 60 mílíọ̀nù dọ́là.

Torí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: GB mélòó ni mo máa lò kẹ́ ẹ tó dín in kù, kbps mélòó ló sì máa kù? Ẹ ní kó kọ ọ́ sórí rìsíìtì. Tó bá kọ̀, ẹ máa lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rà á, ẹ kọ́kọ́ fẹjọ́ sun ilé iṣẹ́ náà, kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ yín lọ́wọ́ wọn. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ pe NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, lórí 622, wọn kì í yọ owó.