Rúùkù àti bíṣọ́ọ̀bù sí rúùkù: ṣé kí o gba ọ̀mì?

Nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì, rúùkù àti bíṣọ́ọ̀bù ló kù fún ọ pẹ̀lú ọba rẹ, ẹnìkejì rẹ ní rúùkù kan ṣoṣo pẹ̀lú ọba tirẹ̀, kò sì sí pọ́ọ̀nù mọ́ lórí pátákó. Ó ní kí ẹ ta ọ̀mì. Ohun tó béèrè kò burú: bí kò bá ṣàṣìṣe, ọ̀mì náà ló máa ń já sí lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ìdajì máàkì tí ọ̀mì ń fúnni bá ti tó ọ láti gba ipò tí ò ń wá, gbà á, kí o lọ jẹun.

Kíkọ̀ ni tèmi o. Ẹni tó ní bíṣọ́ọ̀bù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ohun tó máa sọnù. Ẹni tó ń gbèjà ni òógùn ń bò. Lé ọba rẹ̀ dé etí pátákó, kí ọba tìrẹ kojú rẹ̀, kí bíṣọ́ọ̀bù dúró lẹ́yìn ọba rẹ: Philidor, ọ̀gá ayò ṣẹ́ẹ̀sì ará Faransé, ti ṣàlàyé láti 1749 bí wọ́n ṣe ń jẹ irú ayò bẹ́ẹ̀. Ìgbà 50 ni kálukú yín máa ta kó tó lè fi òfin béèrè ọ̀mì, ó sì rẹni. Bó bá fara dà á, ìdajì máàkì yẹn náà lo ṣì máa gbà.

Àfi bí aago rẹ bá ti ń lọ tán. Rúùkù kan ṣoṣo tí ẹnìkejì rẹ ní yẹn tó láti fi pa ọba. Bí àkókò bá tán mọ́ ọ lọ́wọ́, o ti pàdánù nìyẹn.