Ṣọ́ọ̀bù Lágere tó bá mi yanjú kíbọ́ọ̀dù tí ò dáhùn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo desktop ní Ifẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí délẹ̀.

Business centre kékeré ni mo ní lápá Mayfair, project àwọn ọmọ OAU ni mo máa ń tẹ̀ jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá NEPA mú iná lọ, wọ́n dá a padà, mo tan kọ̀ǹpútà, ló bá dúró gbagidi, ó ní kí n tẹ F1 kó tó lè tẹ̀síwájú. Mo tẹ F1 títí ọwọ́ fi ń ro mí, kò mira, mo tẹ Num Lock, iná kékeré tó wà lókè ẹ̀ ò tàn. Ẹni tó ni project sì jókòó tì mí, ago méjì ló fẹ́ lọ fi sílẹ̀ o.

Mo sáré ra kíbọ́ọ̀dù tuntun ₦5,500, ibì kan náà là ń lọ. Mo gbé e lọ bá enjíníà kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, kò tiẹ̀ tú u, ó kàn ní mọ́dàbọ́ọ̀dù, bọ́ọ̀dù ńlá inú kọ̀ǹpútà, ti kú, kí n lọ wá ₦45,000. Inú bí mi gan-an.

Oníbàárà mi kan ló júwe ti Lágere. Arákùnrin yẹn ò fọwọ́ kan nǹkan kan, ìbéèrè ló kọ́kọ́ ń bi mí. Ó ní "Àǹtí, tó bá ti wọ Windows, ṣé kíbọ́ọ̀dù yìí máa ń ṣiṣẹ́?" Mo ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó ní ṣé déètì ẹ̀ kì í yí padà? Háà, mo ní ó ti tó oṣù méjì, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti mú iná ló máa ń padà sí 2009, tí íntánẹ́ẹ̀tì á wá kọ̀ tí ò ní ṣí. Ó ní kí n fọwọ́ ara mi ki okùn kíbọ́ọ̀dù bọ ibi tó máa ń wà nílé gan-an. Mo kì í bọ ẹnu USB aláwọ̀ búlúù. Ó yọ ọ́, ó kì í bọ dúdú tó wà nísàlẹ̀, Num Lock tàn! Ó tẹ F1, ó wọlé. Mo pariwo.

Ó wá ṣàlàyé fún mi pé USB 3.0 ni búlúù yẹn, pé lórí bọ́ọ̀dù àtijọ́ bíi tèmi, chip ọ̀tọ̀ ló ń darí ẹ̀, BIOS, ìyẹn ètò tó máa ń kọ́kọ́ jí nínú kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé, ò mọ̀ ọ́n rí, àfi tí Windows bá gbé driver ẹ̀, ètò tó fi ń bá chip yẹn sọ̀rọ̀, dé ló tó jí. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló yọ okùn nígbà tó ń gbálẹ̀, ló bá kì í síbẹ̀. F1 yẹn ní tiẹ̀, bátìrì ló fà á, CR2032 pẹlẹbẹ bíi owó wẹ́wẹ́ tó wà lórí bọ́ọ̀dù, volt 3 ló yẹ kó ní, mítà ẹ̀ ka 1.9, ìyẹn ni ò ṣe rántí déètì tí iná bá ti lọ. Ó pààrọ̀ ẹ̀, ó tún wọ BIOS lọ fi hàn mí pé USB Legacy Support, ohun tó ń jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù USB ṣiṣẹ́ kí Windows tó dé, wà ní Enabled, ìyẹn ni pé ó wà ní títàn, ó ní ti ẹlòmíì, ibẹ̀ ni wọ́n ti pa á, tàbí kó jẹ́ Fast Boot, tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yára tàn láì dúró yẹ USB wò, ni wọ́n tàn. Ó ní kíbọ́ọ̀dù PS/2 àtijọ́ kan, ẹnu roboto aláwọ̀ àlùkò, tó so mọ́ ìṣó fún irú àwọn yẹn.

₦3,500 ló gbà, bátìrì wà nínú ẹ̀. Ohun tí ò dáa níbẹ̀ ni pé ago mẹ́sàn-án ló dá fún mi, mẹ́wàá ààbọ̀ ló tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, inú oòrùn ni mo dúró sí, kò yẹ kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n òun náà ni màá tún gbé e lọ bá.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ gbé kíbọ́ọ̀dù yín dání o, CPU nìkan ni mo kọ́kọ́ gbé lọ, tiyín gan-an ló máa bèèrè, ọ̀kadà ni mo tún gùn padà wá mú u.