Òwú Ilẹ̀ Wa, Irun Àgùntàn, àbí Wúùlù Ọjà: Èwo Ni Kí Ẹ Fowó Rà?

Bí ẹ bá dé ọjà Akẹ̀sán níbí ní Ọ̀yọ́ tí ẹ béèrè wúùlù, wọ́n á kó ìdì aláràbarà síwájú yín: pupa fòò, búlúù, àwọ̀ ewé. Irun àgùntàn kankan kò sí nínú rẹ̀. Àkírílíìkì ni, inú epo rọ̀bì ló ti wá, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ọ̀rá tí a fi ń di gàrí. Ó dára fún súwẹ́tà ọmọ ilé ìwé, ó ṣeé fọ̀, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á láró, kí ó pò ó, kí ó ràn án kó tó hun ún, kò ní rí iṣẹ́ kankan ṣe lára rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Méjì tó kù ni mo fẹ́ fi wéra: òwú tí wọ́n ń gbìn nílẹ̀ wa, àti irun àgùntàn tó ń ti òkèèrè wá. Mo fẹ́ràn méjèèjì. Bí owó yín kò bá pọ̀, ẹ fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ra òwú, kí ẹ fi ìyókù ra irun àgùntàn díẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣáná sí i

Ẹ já fọ́nrán kan, ẹ fi ẹ̀mú mú un, ẹ ṣáná sí i. Irun àgùntàn máa ń rùn bí irun orí tó jóná, iná rẹ̀ a sì kú fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ti mú ìṣáná kúrò. Òwú ń rùn bí ìwé tó ń jó, ó ń tètè jó tán, eérú rẹ̀ a sì fẹ́lẹ́. Àkírílíìkì ní tirẹ̀ ń yọ́ ni, a sì di kókó dúdú líle bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo ti ra ìdì mẹ́rin rí lọ́wọ́ ẹni tó búra fún mi pé irun àgùntàn gidi ni. Mo sè é nínú aró fún odindi wákàtí kan, funfun tó wọlé náà ló jáde. Láti ọjọ́ náà ni ìṣáná kò ti kúrò nínú báàgì mi.

Lọ́wọ́ ẹni tó ń ràn án

Ìyá ìyá mi ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ ìrànwú: ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí amọ̀ ribiti kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kí ó lè yí pẹ́. Wọ́n á gbé e lé inú igbá kékeré, wọ́n á fi ẹfun pa ọmọ ìka, òwú á sì máa jáde bí omi. Nígbà tí èmi gbà á, jíjá ló ń já. Ìdí rẹ̀ ni pé fọ́nrán òwú kúrú, kò sábà ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ, ó sì ń fẹ́ kí a lọ́ ọ dáadáa kí ó tó dì mú ara rẹ̀. Fọ́nrán irun àgùntàn mẹ̀rínò tí wọ́n ń kó wá láti Ọsirélíà gùn tó sẹ̀ǹtímítà méje sí mẹ́wàá, ó sì wé gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, nítorí náà ó ń gbá ara rẹ̀ mú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ yóò tètè mọ̀ ọ́n ràn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rẹ́ irun àgbò iléyá. Àgùntàn tiwa, ìbáà jẹ́ èyí tó kúrú tí a ń sìn nílé àbí Yánkásà tó ń ti Òkè Ọya wá, irun ṣákálá bíi ti ewúrẹ́ ló wà lára wọn. Kò ṣeé ràn.

Lára ẹni tó ń wọ̀ ọ́

Fún ọmọ ọwọ́, òwú ni. Ooru Ọ̀yọ́ ní oṣù kẹta kò fẹ́ nǹkan mìíràn, òwú tutù sì lágbára ju gbígbẹ lọ, ẹ lè bó o, kí ẹ fún un, kó má bàjẹ́. Fún fìlà tó gbọ́dọ̀ di orí mú àti ìbọ̀sẹ̀ àárọ̀ ọyẹ́, irun àgùntàn ni, nítorí ó ń fà, ó sì ń padà sípò. Òwú tó bá ti fà kì í padà. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná, ọṣẹ àti bíbó ń mú kí irun àgùntàn súnkì, kí ó ki bí ẹní. Kòkòrò pẹ̀lú fẹ́ràn láti máa jẹ irun àgùntàn, kì í sábà yọjú sí òwú.

Ọ̀rọ̀ aró

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù. Kọ́sítíìkì tí àwọn aládìrẹ ń dà sínú dáì kì í ṣe òwú ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ń jẹ irun àgùntàn. Bí ẹ bá sè é nínú rẹ̀, yíyọ́ ni yóò yọ́. Ohun tí irun àgùntàn ń fẹ́ ni dáì rẹ̀ pẹ̀lú fínígà, kí omi gbóná díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kù díẹ̀ kó hó, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, kí ó sì tutù fúnra rẹ̀. Ẹ má ro ó bí ọkà. Dáì yẹn kì í mú òwú.

Ẹ̀lú wa nìkan ni mo mọ̀ tó ń mú méjèèjì dáadáa, èyí sì máa ń dùn mọ́ mi púpọ̀. Ìkòkò aró tí ìyá aláró fi ewé ẹ̀lú àti omi eérú pò lè gba òwú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Omi eérú yẹn le fún irun àgùntàn, nítorí náà ẹ rì í fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ yọ ọ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i títí yóò fi di aró, kí ẹ wá fi omi tí fínígà díẹ̀ wà nínú rẹ̀ ṣàn án. Atalẹ̀ pupa náà ń mú méjèèjì, àmọ́ oòrùn ń mú un ṣá kíákíá.

Bí ẹ bá fẹ́ ra èyí tí wọ́n ti pa láró tán, ẹ fi aṣọ funfun tutù nù ún. Bí aró bá yí i, ẹ má rà á.

Pípò àti irinṣẹ́

Ẹ pa wọ́n láró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó pò wọ́n. Fún fìlà, ìpín méjì irun àgùntàn sí ìpín kan òwú ni mo máa ń lò, mo sì ń gé irun àgùntàn náà kúrú díẹ̀ kí ó lè bá òwú dọ́gba. Búrọ́ọ̀ṣì onírin méjì tí wọ́n fi ń ya irun ajá tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ìrànwú ńlá lè dúró. Bí ẹ kò bá yà á púpọ̀, àwọ̀ méjèèjì á ṣì hàn nínú fọ́nrán, bí ẹtù tó ní ìlà funfun. Abẹ́rẹ́ ìhunṣọ tí wọ́n fi oparun ṣe dára ju ti irin lọ, òwú kì í yọ̀ bọ́ lórí rẹ̀.

Lórí òṣùwọ̀n

Irun àgùntàn tí wọ́n ti ya mọ́ ni wọ́n sábà ń tà, 100 gíráàmù nínú ìdì kan. Ìyẹn á ṣe fìlà ọmọ kan, yóò sì tún ṣẹ́kù. Ẹ béèrè iye tí yóò jẹ́ títí tí yóò fi dé Ọ̀yọ́, nítorí owó ẹrù lè ju owó ọjà fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ti ṣe é kó má baà súnkì. Tí ẹ bá ń ra òwú lọ́wọ́ àgbẹ̀ Òkè-Ògùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ bi í bóyá kóró ṣì wà nínú rẹ̀. Nínú kílò mẹ́ta òwú oníkóró, nǹkan bíi kílò kan ni òwú tí ẹ máa rí ràn. Kóró ni ìyókù.