Síkáànù ọkàn alágbèéká ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn: ohun tí mo rí nínú lílò rẹ̀ ní Òṣogbo

Dókítà ni mí ní ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn tí ẹ̀mí wọn wà nínú ewu, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ICU, ní ilé ìwòsàn kan ní Òṣogbo. Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni síkáànù kékeré tí a ń so mọ́ fóònù, tí a sì ń gbé sí àyà aláìsàn láti wo ọkàn rẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi tó láti mọ ibi tó ti wúlò àti ibi tó kù sí. Mo gbà pé owó tí a ná lé e kò ṣòfò, bí ẹni tó fẹ́ lò ó bá ti mọ ìbéèrè tó fẹ́ kó dáhùn kó tó mú un jáde nínú àpò rẹ̀.

Àwọn aláìsàn tí wọ́n ń gbé wá bá wa láti Ìkìrun, Ẹdẹ àti Ìlobù sábà máa ń dé nígbà tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ti já wálẹ̀ gan-an, kò sì sí bí a ṣe lè máa gbé irú wọn káàkiri lọ sí yàrá tí ẹ̀rọ ńlá wà. Ìbéèrè tí ẹ̀rọ kékeré yìí lè dáhùn kò pọ̀. Ṣé ọkàn ń fún ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa? Ṣé omi ti kún inú àpò tó yí i ká? Ṣé yàrá ọkàn apá ọ̀tún ti wú ju ti òsì lọ? Ṣé iṣan ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọkàn ti ṣófo? Ìdáhùn sí ọ̀kan nínú wọn tó láti yí ìtọ́jú padà lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n gbé ìyá ọlọ́mọ tuntun kan wá, kò lè mí délẹ̀, ìfúnpá rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ yóò kọ́kọ́ ronú pé ẹ̀jẹ̀ ló dà lára rẹ̀, torí náà wọ́n ti fi dírìpù kọ́, ìgò kejì sì ti wà nílẹ̀. Nígbà tí a wo ọkàn rẹ̀, yàrá apá òsì ti fẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ mira, iṣan ńlá náà sì kún bámúbámú. Àìsàn ọkàn tó máa ń mú obìnrin ní ìparí oyún tàbí ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ni, ó sì wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, pàápàá ní òkè ọya. A dá dírìpù dúró, a sì fún un ní oògùn tó ń fa omi kúrò lára àti èyí tó ń ran ọkàn lọ́wọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ bi mí pé, “Dókítà, omi tí ẹ ní kí wọ́n fà sí i lára náà lẹ tún ń dá dúró yìí?” Mo yí fóònù sí i, mo ní, “Màmá, ẹ wò ó, ọkàn rẹ̀ nìyẹn. Kò lágbára tó máa fi gbé omi púpọ̀ báyìí.” Wọ́n wò ó títí, wọ́n sì fara mọ́ ọn.

Kí ẹnikẹ́ni má kàn fi iṣan yẹn nìkan pinnu o. Bí ó bá fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2.1 lọ, tí kò sì fún tó ìdajì nígbà tí aláìsàn fa èémí sínú, ó ń fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù lápá ọ̀tún ọkàn, ṣùgbọ́n òdiwọ̀n yìí kò ṣeé gbé lé ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí.

Ibi tó ti gba ìṣọ́ra jù ni ìgbà tí ọkàn bá dúró, tí a ń tẹ àyà aláìsàn láti jí i dìde. Ìlànà ni pé kí ọwọ́ má kúrò láyà ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ bí a bá fẹ́ wò bóyá ọkàn ti ń lù, ìwádìí sì ti fi hàn pé síkáànù lè sọ ìdúró yẹn di gígùn. Ẹni tó bá ń wá àwòrán tó dára lórí àyà tí kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́ ń fi ẹ̀jẹ̀ du ọpọlọ aláìsàn náà. Ohun tí àwa ń ṣe ni pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ jù ni yóò mú ẹ̀rọ náà, yóò ti gbé e sí abẹ́ egungun àyà, lókè ikùn, nígbà tí títẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti dúró, nọ́ọ̀sì kan á máa ka ení, èjì, ẹ̀ta sókè, fóònù á gba àwòrán náà sílẹ̀, ọwọ́ á sì padà sáyà kí iye náà tó pé. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó ń wo ohun tí a gbà.

Bí omi bá ti fún ọkàn pa nínú àpò rẹ̀, èyí tí ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí ọgbẹ́ ọ̀bẹ lè fà, abẹ́rẹ́ tí a fi fa omi náà jáde lè gba ẹ̀mí náà là, kò sì sí ohun mìíràn tó lè tètè fi í hàn wá tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yàrá apá ọ̀tún tó wú kò rí bẹ́ẹ̀: òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ dídì tó dí òpó ẹ̀dọ̀fóró lè wú u, ṣùgbọ́n ọkàn tó ti dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ máa ń wú níbẹ̀ bákan náà, ohunkóhun tí ì báà fà á. Bí ọkàn kò bá sì mira rárá lójú àwòrán, ìyẹn nìkan kò tó láti sọ pé kí a ṣíwọ́. Ìlànà ọdún 2020 ti American Heart Association, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àìsàn ọkàn ní Amẹ́ríkà, dámọ̀ràn pé kí a má ṣe fi síkáànù sọ ẹni tí yóò yè àti ẹni tí kò ní yè nígbà tí a ṣì ń tẹ àyà aláìsàn láti jí i dìde.

Ní ti àbùkù rẹ̀, bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́, ó sì máa ń gbóná bí a bá lò ó léraléra. Níbi tí iná kì í dúró, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àwòrán kì í hàn dáadáa lára ẹni tó sanra tàbí ẹni tí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ ti kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kò tó ohun tí a fi ń wọn bí ìlẹ̀kùn ọkàn ṣe ń jò. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá àti dókítà ọkàn nìyẹn, a sì ṣì ń kọ̀wé rán àwọn aláìsàn wa sí wọn bí ara wọn bá ti balẹ̀. Àwọn oríṣi kan tún ń gba owó lọ́dọọdún kí áàpù wọn tó ṣiṣẹ́ dé ojú àmì, nítorí náà kí olùrà béèrè èyí kó tó sanwó.

Owó ẹ̀kọ́ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Mo rọ àwọn alákòóso pé kí wọ́n fi àwọn ọ̀dọ́ dókítà sábẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí wọ́n máa wo ọkàn tó yá gágá lójoojúmọ́ títí ojú wọn yóò fi mọ èyí tó ń ṣàìsàn, kí ẹnì kan sì máa tún àwọn àwòrán tí wọ́n gbà sílẹ̀ wò pẹ̀lú wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.